Omi pupa tó wọ adágún tó sì pòórá: ibo ló gbà?

Ìbéèrè tí mò ń dáhùn yìí wá láti ọwọ́ àbúrò wa kan tó ń pẹja nínú adágún dáàmù kan nítòsí Iléṣà. Mo máa ké e kúrú. Ó ní tí òjò ńlá bá ti rọ̀ mọ́jú, odò tó ń wọ adágún yẹn á pọ́n fòò, omi pupa náà á wọlé dé ibì kan, á wá dáwọ́ dúró síbẹ̀ lójijì, ìlà gbọọrọ kan á wà níbẹ̀ tí ewé gbígbẹ, igi wẹ́wẹ́, ìfófòó àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà máa ń kóra jọ sí, tí èèyàn bá sì ti kọjá ìlà yẹn, omi tó mọ́ ló kù títí dé ẹnu dáàmù. Ohun tó tún yà á lẹ́nu ni pé tó bá dáwọ́ àjẹ̀ dúró lápá ibi tí omi mọ́, ọkọ̀ rẹ̀ á máa yọ́ padà lọ sápá ibi tí odò ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ àwọ̀n tó dẹ sísàlẹ̀ ń wọ́ lọ sápá dáàmù, tó bá sì fà á sókè, ẹrẹ̀ kíkúnná á ti bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, omi ẹ̀rọ nílé á wá pọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ojú adágún mọ́ gaara. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni omi pupa yẹn ń gbà? Àbúrò mi kan l'Ékòó sì ń sọ pé irú nǹkan yìí náà ló gé íntánẹ́ẹ̀tì wa lọ́dún 2020, ṣé òótọ́ ni?"

Àbúrò, ojú ẹ mú gan-an. Gbogbo nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó o kà sílẹ̀ yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ló ń fà wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gba ẹ̀bá adágún kọjá lójoojúmọ́ ò sì tíì rí i rí.

Omi pupa yẹn ò lọ ibì kankan o. Abẹ́ ọkọ̀ rẹ ló wà. Ó rì sábẹ́ omi tó mọ́, ó ń wọ́ lọ nílẹ̀ adágún, ó ń tẹ̀lé ojú odò àtijọ́ tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sé dáàmù, ó ń lọ bá ògiri dáàmù níbi tó jìn jù. Odò ni, àmọ́ odò tó ń ṣàn nínú omi.

Kí ló ń mú omi rì sínú omi? Ìwúwo ni. Omi máa ń wúwo ju omi lọ, ohun mẹ́ta ló sì sábà ń fa ìyàtọ̀ yẹn: ooru, iyọ̀ àti ẹrẹ̀. Mú táńkì ẹlẹ́gbẹ̀rún lítà kan, irú tí àwọn èèyàn ń gbé sórí òpó nínú àgbàlá. Tí omi inú ẹ̀ bá wà ní dígírì 30, ìwúwo rẹ̀ á tó kílò 995.7. Tó bá tutù dé dígírì 25, á di kílò 997. Ìyẹn ni pé dígírì márùn-ún péré, ìyàtọ̀ kílò kan àti díẹ̀ nínú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò ẹgbẹ̀rún kan. O lè ní kí ni kílò kan máa ṣe níbẹ̀. Ó ń ṣe bẹbẹ! Torí omi ò ní ẹsẹ̀ tó fi lè ta kú sílẹ̀, èyí tó bá wúwo díẹ̀ jù á wọ abẹ́ ìkejì rẹ̀, á sì máa yọ́ lọ níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣì ń dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀.

Ẹrẹ̀ wá tún lágbára ju ooru lọ. Tí kílò ẹrẹ̀ kan bá pò mọ́ táńkì yẹn, kì í ṣe kílò kan gbáko ló máa fi kún un, torí ẹrẹ̀ náà gba àyè omi díẹ̀, ó máa fi bíi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá kílò kún un. Nítorí náà, kílò ẹrẹ̀ méjì àti díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún lítà tó láti ṣe iṣẹ́ tí ìyàtọ̀ dígírì márùn-ún ń ṣe. Odò tó ti ilẹ̀ tí wọ́n ti hú wá lẹ́yìn òjò alágbára, ẹrẹ̀ tó ń gbé lè ju ìyẹn lọ fíìfíì. Wá rántí pé omi òjò tó rọ̀ lóru yẹn fúnra rẹ̀ tutù, nígbà tí ojú adágún ti ń yá oòrùn láti àná. Òtútù àti ẹrẹ̀ ti para pọ̀, kí ló fẹ́ mú kó má rì?

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn nípa omi ilẹ̀ wa. Omi gbígbóná ń fi ìwúwo sílẹ̀ kíákíá ju omi tútù lọ. Láti dígírì 5 sí 10, ìyàtọ̀ inú táńkì yẹn ò tó ìdámẹ́ta kílò kan. Láti 25 sí 30, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan àti ààbọ̀, bí ìlọ́po márùn-ún ni. Ìdí nìyẹn tí adágún tiwa fi lè pín sí ìpele òkè àti ìpele ìsàlẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé dígírì méjì mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn, àwọn tó ń fi ojú ti Yúróòpù wo adágún Nàìjíríà máa ń fojú kéré ìyẹn, wọ́n á ní ìyàtọ̀ yẹn kéré jù láti ka sí nǹkan. Kò kéré rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìlà yẹn. Nígbà tí odò bá kọ́kọ́ wọlé, agbára rẹ̀ ló ń tì í, ó ń ti omi adágún sẹ́yìn gbuurugbu. Àmọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń jìn sí i, agbára yẹn ń dínkù, ìwúwo ń gbapò rẹ̀, ó dé ibì kan, omi pupa á tẹrí ba, á wọ abẹ́. Ibi tó ti tẹrí ba yẹn ni ìlà rẹ. Bó ṣe ń wọ abẹ́, ó ń fa omi tó mọ́ tó wà lókè mọ́ra, nítorí náà omi òkè láti apá dáàmù náà á máa yọ́ bọ̀ wá síbẹ̀. Omi pupa ń bọ̀ láti apá kan, omi tó mọ́ ń bọ̀ láti apá kejì, àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n jọ rì. Ewé ò lè rì, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ò lè rì, ni wọ́n bá há síbẹ̀. Ọkọ̀ rẹ náà ò lè rì, òun ló fi ń yọ́ padà lọ sí ẹnu odò. Àwọ̀n rẹ wà nísàlẹ̀ nínú omi pupa fúnra rẹ̀, òun ló fi ń wọ́ lọ sí dáàmù. Omi kan náà, lójú kan náà, òkè ń lọ sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ń lọ síwájú.

Tí òjò bá pọ̀ sí i, odò á lágbára sí i, ìlà yẹn á sún wọnú adágún síwájú. Tí odò bá ti ń fà, ìlà á padà sẹ́yìn. Máa wò ó, wàá rí i.

Tó o bá fẹ́ fojú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́, o ò nílò láti mòòkùn. Wá ike gígùn tó mọ́ gaara, èyí téèyàn lè rí inú ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, bu omi sí i dé ìdajì, fi nǹkan díẹ̀ ti ìdí ẹ̀ lápá kan kó lè dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀. Fi í sílẹ̀ títí omi á fi dúró jẹ́ẹ́. Bu zobo sínú kọ́ọ̀bù, po iyọ̀ ṣíbí méjì mọ́ ọn títí á fi yòrò tán, wá rọra dà á sápá tó ga yẹn, kó máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ike wọlé. Má dà á pàù o. Wàá rí i pé zobo yẹn á lọ sí ìsàlẹ̀ tààrà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nílẹ̀ ike. Wo iwájú rẹ̀ dáadáa. Ó ní orí. Orí yẹn nípọn ju ara tó ń tẹ̀lé e lọ, imú rẹ̀ ò sì fara kanlẹ̀ pátápátá, ó gbé sókè díẹ̀, torí ilẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ara rẹ̀ ń sáré. Tó o bá wò ó látòkè, wàá rí i pé iwájú rẹ̀ ò gún, ó pín wẹ́lẹwẹ̀lẹ sí ìyọ àti ihò, torí omi tó mọ́ tí imú yẹn gùn lórí ń wá ọ̀nà àbáyọ lábẹ́. Lẹ́yìn orí wàá rí àwọn ìyípo kéékèèké tó ń lọ́ káàkiri lókè ara rẹ̀, ibẹ̀ ni omi tó mọ́ ti ń wọnú ẹ̀ tó ń là á díẹ̀díẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ìṣàn abẹ́ adágún ń ṣe, ó kàn jẹ́ pé tiẹ̀ lè nípọn tó mítà méjì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Da ike yẹn nù, bu omi míì, wá da zobo gbígbóná tí ò ní iyọ̀ tàbí ṣúgà sí i. Ojú omi ló máa dúró sí, á tẹ́ síbẹ̀ pẹrẹsẹ. Tó o bá tún kọ́kọ́ da omi oníyọ̀ púpọ̀ sísàlẹ̀, tó o wá da zobo oníyọ̀ díẹ̀ tẹ̀lé e, zobo yẹn á sọ̀ kalẹ̀ dé àárín, á rí i pé omi ìsàlẹ̀ wúwo ju òun lọ, á ya kúrò nílẹ̀, á rìn gba àárín méjèèjì lọ. Odò tó ń wọ adágún náà, ọ̀nà mẹ́ta yìí ló ní: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni yóò gba ìsàlẹ̀ o. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, odò tó kéré tí kò jìn máa ń gbóná ju adágún lọ, omi rẹ̀ á léfòó. Lásìkò ọyẹ́, odò kékeré yẹn kan náà á tutù yòò láàárọ̀, á rì láìní ẹrẹ̀ kankan, o ò sì ní rí ìlà pupa torí omi tó mọ́ ló rì sábẹ́ omi tó mọ́, ewé àti ìfófòó nìkan ló máa júwe ibẹ̀ fún ẹ.

Báwo ló ṣe ń yára sí? Ìṣirò rẹ̀ ò le. Mú ìyàtọ̀ ìwúwo, pín in sí ìwúwo omi, fi 9.8 sọ ọ́ di púpọ̀, fi ìnípọn ìṣàn náà ní mítà sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wá wá square root rẹ̀. Tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ kílò kan nínú ẹgbẹ̀rún lítà, tí ìṣàn náà sì nípọn tó mítà méjì, á fún ẹ ní mítà 0.14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ní wákàtí kan ìyẹn ti tó mítà 500. Adágún tó gùn tó kìlómítà mẹ́ta, wákàtí mẹ́fà ló máa gbà á. Òjò rọ̀ láago mẹ́wàá alẹ́, kí wọ́n tó kí ìrun àsùbáà, ẹrẹ̀ ti dé ẹnu dáàmù, ojú omi sì mọ́ títí. Ilẹ̀ tó ń fà á àti omi tó ń là á lè dín eré yẹn kù, ilẹ̀ tó dà púpọ̀ sì lè fi kún un, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn nìyẹn. Square root tó wà nínú ìṣirò yẹn sì ní ìtumọ̀: kí eré tó di ìlọ́po méjì, ìyàtọ̀ ìwúwo gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Kì í ṣe gbogbo ẹrẹ̀ ló ń bá a débẹ̀. Yanrìn wúwo, ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan péré ni kó fẹ̀ tó, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje lọ tó fi máa já mítà mẹ́ta wálẹ̀ nínú omi tó dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹnu odò fi ń kún tí koríko ń hù níbẹ̀. Amọ̀ ńkọ́? Ẹyọ amọ̀ kíkúnná kan, bíi ẹsẹ̀ bàtà kan ló máa sọ̀ kalẹ̀ ní odindi ọjọ́ kan. Mítà mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹrẹ̀ kíkúnná tó o bá lára àwọ̀n rẹ nìyẹn, òun ló lè rin gbogbo gígùn adágún láì rì.

Tó bá dé ògiri dáàmù, á kọ lù ú, á gun òkè díẹ̀, á ṣubú padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Bí òmíràn ṣe ń dé ló ń ga sí i. Adágún ẹrẹ̀ á wà lábẹ́ adágún omi tó mọ́. Wá bi ara rẹ léèrè ibi tí ẹnu páìpù tó ń fa omi lọ sílé iṣẹ́ omi wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀gbẹ́ dáàmù ni, tó bá sì wà nísàlẹ̀, inú adágún ẹrẹ̀ yẹn gan-an ló ń mu. Òun ni omi ẹ̀rọ fi pọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan nígbà tí o ń wo ojú adágún tó mọ́ gaara tó o sì ń rò pé àwọn òṣìṣẹ́ omi ló ń sùn.

Nǹkan míì tún wà tó ń mú omi ìsàlẹ̀ bàjẹ́ tí kì í ṣe ẹrẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ tí ò rí afẹ́fẹ́, ewé àti igi tó ń jẹrà níbẹ̀ á mu gbogbo ọ́síjìn inú ẹ̀ tán. Lẹ́yìn ìyẹn irin àti manganese tó wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò sínú omi, omi náà á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, kò sì ní ní àwọ̀ kankan títí dìgbà tó bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ló ti ń di pupa tàbí dúdú nínú korobá. Ìṣàn tó bá wọlé lójijì lábẹ́ lè ti omi burúkú yìí sókè, ẹja á wá máa ta sójú omi tó ń wá èémí. Tó o bá ti rí i lẹ́yìn òjò ńlá pé ẹja ń yọ ẹnu sókè, ó lè jẹ́ òun ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1885, ọ̀mọ̀wé ará Switzerland kan tó ń jẹ́ F.-A. Forel ṣàlàyé bí odò Rhône tó tutù tó sì ń gbé ẹrẹ̀ ṣe ń rì sábẹ́ adágún Geneva, ojú odò kan wà lábẹ́ adágún yẹn tí ìṣàn náà gbẹ́ fúnra rẹ̀ tó sì mọ bèbè sí i lọ́tùn-ún lósì. Lọ́dún 1935, kò pẹ́ tí wọ́n ti dáàmù Hoover l'Amẹ́ríkà pa, omi ẹlẹ́rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti ihò ìsàlẹ̀ dáàmù nígbà tí adágún Mead lókè mọ́ kedere. Ẹrẹ̀ odò Colorado ni, ó ti rin adágún náà já láti ẹnu odò dé ògiri, kò sẹ́ni tó rí i lójú omi.

Ìyẹn ló mú mi dé ibi tó ń dùn mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹrẹ̀ bá lè rìn dé ẹnu dáàmù fúnra rẹ̀, èèyàn lè ṣí ihò ìsàlẹ̀ fún un kó kọjá lọ kó tó rì. Wọ́n ń ṣe é ní dáàmù Iril Emda ní Algeria. Àwọn ará Ṣáínà kọ́gbọ́n rẹ̀ lọ́nà tó le: dáàmù Sanmenxia lórí odò Yellow, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi ní 1960, ẹrẹ̀ kún un kíákíá débi tí wọ́n fi tún un kọ́, wọ́n lu àwọn ihò ìsàlẹ̀ sí i. Nísàlẹ̀ odò yẹn kan náà ní dáàmù Xiaolangdi, láti 2002 ni wọ́n ti ń fi ọgbọ́n da omi sílẹ̀ láti kó ẹrẹ̀ lọ, nígbà tó sì di 2004 wọ́n fọwọ́ ara wọn dá ìṣàn abẹ́ omi sílẹ̀ kó lè gbé ẹrẹ̀ jáde. Àwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ dáàmù wa ní fáàfù ìsàlẹ̀ tí wọn kì í ṣí, tàbí tí wọ́n máa ń ṣí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹrẹ̀ ti le mọ́lẹ̀. Àsìkò tó yẹ ni wákàtí mélòó kan lẹ́yìn òjò ńlá, nígbà tí ẹrẹ̀ ṣì wà nínú omi tó ń bọ̀. Tó bá ti rì, ó di ilẹ̀, ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ nìkan ló kù, owó ẹ̀ sì pọ̀ ju ti fáàfù lọ.

Lágbègbè Ìjẹ̀ṣà tiwa, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i nítorí góòlù. Gbogbo wa la mọ bí odò Ọ̀ṣun ṣe yí àwọ̀ padà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ létí omi tí wọ́n ń fọ erùpẹ̀ sínú odò. Ẹrẹ̀ tí fífọ góòlù ń tú sílẹ̀, amọ̀ kíkúnná ló pọ̀ nínú ẹ̀, irú tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́jọ́ kan yẹn. Amọ̀ sì máa ń gbé irin burúkú bí òjé àti mákúrì mọ́ra. Tí irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọ adágún tó gba abẹ́, ibi tó jìn jù ló ń kó o lọ, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ̀gbẹ́ ẹnu páìpù. Nítorí náà ẹni tó bá bu omi ojú adágún sínú ìgò tó gbé e lọ sí láàbù tó ní omi yìí dáa, kò tíì wo nǹkan kan. Omi òkè, omi àárín, omi ìsàlẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kí wọ́n wò, pàápàá lọ́jọ́ kejì òjò. Dáàmù Opa tó wà níbí nínú ọgbà OAU, tí wọ́n ṣe ní 1978, kò jìn púpọ̀, afẹ́fẹ́ líle lè da omi rẹ̀ pọ̀ lókè lódò, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ìpele ṣì lè wà níbẹ̀ pàápàá.

Ó kù sí ti òkun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Omi ẹlẹ́rẹ̀ irú ti Ọ̀ṣun tó ń rì nínú adágún, tó bá dé ọ̀sà lápá Èkó tó sì pàdé omi iyọ̀, ńṣe ló máa léfòó. Kí ló fà á? Omi òkun wúwo tó kílò 1,025 nínú táńkì wa yẹn. Kí omi odò tó lè rì sábẹ́ ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ gbé ẹrẹ̀ tó tó kílò 40 nínú ẹgbẹ̀rún lítà, ìwọ̀nba odò ló ń rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé. Nítorí náà kò sí omi tó wúwo lásán, ohun tó bá pàdé ló ń sọ bóyá ó wúwo. L'Ékòó, omi òkun ni ti ìsàlẹ̀: lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí odò fà, omi iyọ̀ á gba ẹnu ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọlé, á rìn lábẹ́ omi dídùn wọnú ọ̀sà, tójò bá dé, odò Ògùn, Ọ̀ṣun àti Yewa á tì í padà jáde. Apẹja Èkó lè bu omi lójú ọ̀sà kó fẹnu kàn án kó má níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ń ta lẹ́nu.

Àbúrò rẹ tó wà l'Ékòó, òótọ́ ló sọ. Ní January 2020, ìṣàn ẹrẹ̀ kan gbéra láti ẹnu odò Congo, ó gba inú àfonífojì ńlá tó wà lábẹ́ òkun níbẹ̀, ó rin ìrìn tó ju 1,100 kìlómítà lọ, eré rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i bó ṣe ń lọ dípò kó dínkù, láti bíi mítà 5 dé mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn eré ọ̀kadà tó ń rọra lọ nínú ìgboro. Ó gé SAT-3 àti WACS, àwọn kébù abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, íntánẹ́ẹ̀tì lọ́ra gan-an ní Nàìjíríà àti South Africa, Léon Thévenin, ọkọ̀ òkun tó ń tún kébù ṣe, ní láti gbéra láti Cape Town wá tún un ṣe. A mọ eré rẹ̀ torí àwọn onímọ̀ ti de ẹ̀rọ ìwọ̀n mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú, ìṣàn náà já wọn tu, àwọn ẹ̀rọ yẹn léfòó síta lọ́kọ̀ọ̀kan, aago tí kálukú já la fi mọ bó ṣe yára tó.

Wàá ní ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé omi odò ń léfòó lórí òkun ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Omi Congo náà ń léfòó, àmọ́ àfonífojì yẹn wọ inú ẹnu odò fúnra rẹ̀, yanrìn àti ẹrẹ̀ ń já sí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ga, ó ń ga. Ìkún omi ńlá dé sí Congo ní òpin 2019, irú ẹ̀ ò tíì wá láti àwọn ọdún 1960, ó da ẹrẹ̀ púpọ̀ síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òkè ẹrẹ̀ yẹn ya. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń họ ilẹ̀ àfonífojì bó ṣe ń lọ, ẹrẹ̀ tó họ yẹn mú un wúwo sí i, ìwúwo yẹn mú un yára sí i, eré yẹn mú un họ sí i. Ohun tí adágún rẹ ò lè ṣe nìyẹn, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ò dà tó, kò sì gùn tó. Ti 1929 náà bẹ́ẹ̀: ọjọ́ kejìdínlógún oṣù November, ilẹ̀ mì nítòsí Newfoundland, kébù tẹ́lígíráàmù lábẹ́ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í já, èyí tó wà nítòsí kọ́kọ́ já, èyí tó jìnnà jù já lẹ́yìn ó lé ní wákàtí 13. Ó di 1952 kí àwọn onímọ̀ méjì, Heezen àti Ewing, tó fi àkókò tí wọ́n já yẹn ṣàlàyé pé ìṣàn ẹrẹ̀ ló ń sá tọ̀ wọ́n lọ.

Wàyí o, ohun tí ìwọ lè ṣe. Wá ìgò kan, so òkúta mọ́ ìdí ẹ̀, fi kọ́ọ̀kì dí ẹnu rẹ̀, so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ kọ́ọ̀kì yẹn yàtọ̀ sí okùn tó gbé ìgò. Ta kókó sí okùn ìgò ní mítà mítà. Sọ ọ́ kalẹ̀ dé ibi tó o fẹ́, fa kọ́ọ̀kì jáde, dúró kí omi kún un, wá fà á sókè kíá, ti tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, gbé ìgò sójú oòrùn wo àwọ̀ rẹ̀. Ṣe é lẹ́yìn ìlà yẹn, ṣe é láàárín adágún, ṣe é nítòsí dáàmù, ṣùgbọ́n jìnnà sí ibi tí omi ti ń wọ ihò o, ibẹ̀ léwu. Ibi tí àwọ̀ bá ti yí padà lójijì láàárín kókó kan sí ìkejì ni òrùlé ìṣàn náà.

Tó bá ti di alẹ́ òjò ńlá, má dẹ àwọ̀n ìsàlẹ̀ sí ojú odò àtijọ́ rárá, dẹ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ilẹ̀ ga díẹ̀ tàbí kó o gbé e sókè òrùlé yẹn. Kọ ọjọ́, wákàtí, ìjìn àti dígírì sínú ìwé kan, kó o sì yà á ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ rí i gan-an, torí adágún tiwa mélòó ló ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.